Ta ló ní bíréèkì iwájú ló ń dojú èèyàn dé? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àwo tàtàṣé ní Bẹẹrẹ

ỌmọMáàpó (Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ìbéèrè kan, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bá Máàpó ni mò ń gbé, Dùgbẹ̀ ni mo ti ń tún fóònù ṣe. Nígbà tí owó ọkọ̀ ò ṣeé san mọ́ lójoojúmọ́, mo ra kẹ̀kẹ́ tọ́kúnbọ̀ kan, oníjíà, ara rẹ̀ ṣì le. Oṣù tó kọjá, bíréèkì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ewúrẹ́. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Àbúrò, ìlú olókè la wà. Bíréèkì iwájú yìí ló ń dojú èèyàn dé. Tẹ̀yìn ti tó ẹ." Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti fi pláyà gé wáyà rẹ̀, ó tú lívà náà kúrò. Mo tiẹ̀ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó di Sátidé. Òjò wẹliwẹli kan rọ̀ nírọ̀lẹ́. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Máàpó, mo dorí kọ Bẹẹrẹ, eré mi ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Máíkírà kan ṣàdédé dúró níwájú mi láti gbé èrò. Mo fa bíréèkì ẹ̀yìn, ó dà bí ẹni fa okùn aṣọ. Kẹ̀kẹ́ ń lọ. Mo fà á tagbáratagbára. Nígbà tí táyà yí bí ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, ó wáá mú lẹ́ẹ̀kan náà, táyà ẹ̀yìn dì pa, ìdí kẹ̀kẹ́ ń jù sọ́tùn-ún jù sósì bí ìrù ẹja. Mo yà fún máíkírà, mo fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, bàtà mi ya. Ibi tí mo wáá dúró sí, táyà iwájú ti kan àpótí tí ìyá aláta kan gbé àwo tàtàṣé lé. Ìyá náà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní: "Ti èló ni kí n dì fún ẹ?"

Ìbéèrè mi rèé: ẹnì kan ní kí n lọ ra bíréèkì díìsìkì (èyí tó ń di àwo irin kan láàárín táyà mú, dípò rímù) sí iwájú àti ẹ̀yìn, owó rẹ̀ sì tó ìdajì owó kẹ̀kẹ́. Ṣé kí n rà á?

Ayékòótọ́ (8:26 alẹ́)

Kú ewu o. Ìyá yẹn mọ ọjà tà. Èmi fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó yọ bíréèkì iwájú yẹn o. Bíréèkì iwájú ti gbé mi kọjá orí hándù rí, eyín mi kan ò pé títí dòní. Tẹ̀yìn ni kí o fi díìsìkì sí, kí o fi iwájú sílẹ̀.

BàbáSípánà (9:03 alẹ́)

Ọmọ mi, o kú orí ire. Ó lé ní ọdún 30 tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní apá Mọ́kọ́lá, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n yọ bíréèkì iwájú rẹ̀ báyìí. Mi ò ní bú ẹni tó ṣe é. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Kò mú, kò mú, ó tún wáá mú jù: omi ló fà á. Bí rímù bá tutù, omi á wà láàárín rímù àti rọ́bà bíréèkì, rọ́bà á kọ́kọ́ nu omi yẹn kúrò kó tó rí nǹkan dì mú. Nígbà tó nu ún tán, gbogbo agbára ọwọ́ rẹ ṣì wà lórí lívà, ìdí tó fi dì pa nìyẹn. Bí òjò bá ti ń rọ̀, má dúró dìgbà tí ewu bá dé. Fọwọ́ kan lívà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láti òkèèrè, kí rọ́bà ti máa nu rímù sílẹ̀.

Wàyí o, lọ mú òòfà tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, gbé e kan rímù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, rímù irin ni, èyí tí wọ́n fi kuróòmù bò, kò sì sí ohun tó burú tó o nínú òjò. Bí kò bá lẹ̀, alumíníọ̀mù ni, ìyẹn sì sàn jù ú lọ fíìfíì. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn, rímù irin ni. Ọ̀pá ló ń fa bíréèkì rẹ̀, kì í ṣe wáyà. Rọ́bà rẹ̀ á gun òkè lọ kan abẹ́ rímù nínú. Kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti tutù, àwọn bàbá a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n a fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ wọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn èèyàn rò pé wọ́n ti rẹ̀ ni.

Ní ti díìsìkì: díìsìkì kì í ṣe bọ́tìnnì tí a ń rán mọ́ aṣọ. Fọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ ní etí tí a ó de ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín táyà, gbọ́dọ̀ ní ojú síkúrù, mẹ́fà ló wọ́pọ̀. Wo fọ́ọ̀kì rẹ lápá òsì nísàlẹ̀. Bí etí yẹn ò bá sí níbẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó rẹ. Má sì jẹ́ kí wọ́n jó o mọ́ ọn ní ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Fọ́ọ̀kì tí wọn ò ṣe fún díìsìkì lè ṣẹ́.

Híhan tó ń han nìkan kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi pa á. Ká páálí kékeré kan sí abẹ́ ìdí rọ́bà nígbà tí o bá ń dè é, kí etí iwájú rẹ̀ kọ́kọ́ kan rímù ní nǹkan bíi mìlímítà kan ṣáájú ẹ̀yìn. Yọ páálí nígbà tí o bá dè é tán. Fi sàńpépà ha ojú rọ́bà, fi abẹ́rẹ́ hú àwọn èérún irin tó há sínú rẹ̀. Ariwo á dákẹ́.

TísàFísíìsì (9:40 alẹ́)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ kún un, torí ọ̀rọ̀ "tẹ̀yìn ti tó ẹ" yẹn ń dùn mí.

Tí awakọ̀ dáńfó bá tẹ bíréèkì lójijì, ibo ni èrò ń dà sí? Iwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí kẹ̀kẹ́. Bí o bá ti ń fa bíréèkì, ìwọ̀n ara rẹ ń kúrò lórí táyà ẹ̀yìn, ó ń lọ sórí tiwájú. Táyà tí ìwọ̀n kúrò lórí rẹ̀ ò lè di ilẹ̀ mú. Ó kàn máa yọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ rẹ fi ń ju ìdí. O lè lọ ra bíréèkì ẹ̀yìn tó lágbára jù láyé, táyà ẹ̀yìn á kàn tètè dì pa ni, kò ní dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́jú, tí eré bá jẹ́ kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ẹni tó ń lo bíréèkì méjèèjì dáadáa lè dúró láàárín nǹkan bíi mítà 3 sí 4. Ti ẹ̀yìn nìkan á gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá ti fa lívà nìyẹn o. Ìṣẹ́jú àáyá kan tí o fi ń sọ pé "Yéè!" ti gba mítà 5 àti ààbọ̀ lọ.

Eré náà wáá ni ikú tó wà ńbẹ̀. Tí o bá sọ 20 di 40, ọ̀nà tí bíréèkì nílò kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Mítà 3 di 12. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ilẹ̀ náà ń fà ọ́.

@Ayékòótọ́, òótọ́ ni pé ó lè gbé èèyàn fò. Tó o bá já a gbà lójijì, tí apá rẹ rọ, ara rẹ á máa lọ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti dúró. Díẹ̀díẹ̀ la ń fún un, bí ẹni ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kó ta sí òun lójú. Ìdí á sún sẹ́yìn, apá á le. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn?

Ayékòótọ́ (9:52 alẹ́)

Tísà, ẹ má fi ìbéèrè mú mi. Ọwọ́ kan ni mo fi ń wa kẹ̀kẹ́. Ike epo pupa lítà 10 ló wà lọ́wọ́ kejì.

ỌmọMáàpó (9:54 alẹ́)

😂😂 Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wáá di ẹjọ́ ru bíréèkì!

Ọ̀kadàSángo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀)

Ẹ kú ìdájí. Alùpùpù ni mò ń gùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ díìsìkì yìí kàn mí. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún àwọn tí kẹ̀kẹ́ wọn ti ní díìsìkì látìlẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ń lo wáyà àti èyí tó ń lo ọ́ìlì. Ti ọ́ìlì dùn, ìka kan ti tó láti dá a dúró: lívà á ti písítínì kékeré, písítínì kékeré á ti ọ́ìlì, ọ́ìlì á ti písítínì tó tóbi jù ú lọ lápá táyà. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọnú rẹ̀, lívà á rọ̀ bí àkàrà, a máa fà á fà á kó tó mú. Bí lívà bá rọ̀ báyìí, kì í ṣe kí a kàn da ọ́ìlì kún un, a gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ náà jáde.

Ọmọ aládùúgbò mi kan ní kẹ̀kẹ́ tó dára gan-an, ẹ̀bùn láti òkè òkun. Lívà rẹ̀ rọ̀. Ó wá bá mi, mo sì mú ọ́ìlì bíréèkì ọ̀kadà, DOT 4 tí mo rà ní Aráròmí ní Gate, a fi síríǹjì fà á sínú rẹ̀. Ó mú dáadáa lọ́jọ́ náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lívà lọ, kò padà wá mọ́. Nígbà tí a tú u, àwọn rọ́bà inú rẹ̀ ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀. Bíréèkì Shimano àti Magura, ọ́ìlì míńírà ni wọ́n ń lò. DOT kò gbọ́dọ̀ dé inú rẹ̀ láé. Púpọ̀ nínú bíréèkì SRAM sì ń lo DOT, tí a kò gbọ́dọ̀ da ọ́ìlì míńírà sí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ìdérí kékeré tó wà lórí lívà. Ẹ nu ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, ẹ kà á, kí ẹ tó ṣí i. Mo san owó lívà tuntun fún ọmọ ọlọ́mọ.

DOT náà tún ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n 230 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kó tó hó, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti mu omi, ó lè hó ní 155. Ọ́ìlì tó bá hó di ooru, ooru náà ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, lívà á kàn wọlé lọ lọ́wọ́ yín ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn tó ń ra ọ́ìlì tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ látọjọ́ yìí torí pé ó pọ́ọ́kú, ẹ gbọ́ o.

ÌyáTáyé_Bódìjà (7:30 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Mo ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ mi ọmọ ọdún 7, kò ní lívà kankan lọ́wọ́. Wọ́n ní kó máa fi ẹsẹ̀ wa pẹ́dàlì padà sẹ́yìn, á dúró. Ó ń dúró lóòótọ́. Ṣé ẹ̀rù ò gbọ́dọ̀ bà mí?

BàbáSípánà (8:12 àárọ̀)

Ìyá Táyé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bíréèkì dáadáa ni. Inú họ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀ wà, omi kì í tètè dé ibẹ̀, ọwọ́ ọmọ kékeré tí kò tíì lè fún lívà kò sì ní dí i lọ́wọ́. Ẹyọ ohun kan ni: ṣéènì ló gbé bíréèkì yẹn. Bí ṣéènì bá bọ́, bíréèkì ti lọ. Ẹ tẹ ṣéènì lókè lójoojúmọ́ tó bá fẹ́ gùn ún; bó bá ń rọ̀ wálẹ̀ ju ìbú ìka kan lọ, ẹ gbé e wá kí a fà á. Ẹ má sì jẹ́ kó fi sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, gíríìsì inú rẹ̀ á gbóná jó tán. Inú ọgbà ni kó ti máa gùn ún.

OníSíkútàOníná (12:48 ọ̀sán)

Àwa tí a ń gun síkútà oníná ńkọ́? Mo ń gbé ní Àgbọ̀wọ́, mo fi ń lọ sí kíláàsì ní Yunifásítì. Tèmi ní bíréèkì dírọ́ọ̀mù (èyí tó wà nínú àgbá kékeré láàárín táyà) níwájú, ẹ̀yìn sì jẹ́ ti mọ́tò: tí mo bá fa lívà, mọ́tò inú táyà á di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì, ìyẹn á sì dín eré kù.

Ohun tó rú mi lójú: àárọ̀ nìkan ni ẹ̀yìn kì í mú. Tó bá di ọ̀sán, á mú bó ṣe yẹ. Mo ti gbé e fún rewáyà kan, ó yí gbogbo wáyà rẹ̀ padà lásán.

TísàFísíìsì (1:20 ọ̀sán)

Ṣé o máa ń sáàjì rẹ̀ mọ́jú?

OníSíkútàOníná (1:22 ọ̀sán)

Bẹ́ẹ̀ ni sà, nígbàkígbà tí iná bá wà. Mọ́jú ni.

TísàFísíìsì (1:41 ọ̀sán)

Kò sí ohun tó ṣe wáyà rẹ. Láàárọ̀, bátìrì kún. Kòròbà tó kún, ibo lo fẹ́ da omi sí? Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì á kọ̀ láti gba iná sí i kí bátìrì má baà bàjẹ́, bíréèkì ẹ̀yìn á sì fúyẹ́ tàbí kó má ṣiṣẹ́ rárá. Bí o bá ti gùn ún díẹ̀, àyè á yọ. Má sáàjì rẹ̀ kún dẹ́nu bó bá jẹ́ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lo kọ́kọ́ ń sọ̀ láàárọ̀. Bíréèkì mọ́tò tún máa ń kú díẹ̀díẹ̀ bí eré bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, torí mọ́tò tí kò yí dáadáa kò lè mú iná jáde. Dírọ́ọ̀mù iwájú yẹn ni bíréèkì rẹ gan-an. Tẹ̀yìn, olùrànlọ́wọ́ ni.

Táyà síkútà kéré, ibi gíga lo sì dúró sí lórí rẹ̀, nítorí náà tẹ orúnkún, sún ìdí sẹ́yìn kí o tó fún un.

Ọ̀kadàSángo (2:05 ọ̀sán)

Dírọ́ọ̀mù ò burú o, tọ̀kadà mi lẹ́yìn náà dírọ́ọ̀mù ni, kẹ̀kẹ́ Márúwá náà dírọ́ọ̀mù ni, ọ́ìlì ló ń ti ṣúù rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń tẹ inú dírọ́ọ̀mù kó lè dúró. Ṣùgbọ́n bí o bá gba inú omi kọjá, omi á wọ inú rẹ̀. Máa fà á fẹ́ẹ́rẹ́ bí o ṣe ń lọ títí á fi gbẹ. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ eruku tó bá wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá tú u. Mo ti rí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣúù mìíràn ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ìyẹn kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fà sí ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

ỌmọMáàpó (Ọjọ́bọ̀, 8:33 alẹ́)

Mo ti dé. Òòfà ò lẹ̀ mọ́ rímù, alumíníọ̀mù ni. Fọ́ọ̀kì ò ní etí díìsìkì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn ti tán. Mo fi ìdá díẹ̀ nínú owó náà ra rọ́bà tuntun, wáyà tuntun àti lívà tọ́kúnbọ̀ kan.

Àmọ́ nǹkan kan ò yé mi. Bíréèkì iwájú ń mú, ṣùgbọ́n kó tó mú dáadáa, lívà á ti kan hándù. Mo fa wáyà le títí rọ́bà fi ń ha rímù, síbẹ̀ náà ni.

BàbáSípánà (8:50 alẹ́)

Báwo ni apá bíréèkì náà ṣe rí? Ṣé apá méjì gígùn ló dúró lọ́tùn-ún lósì táyà, tí wáyà gba orí wọn kọjá ní ìbú?

ỌmọMáàpó (8:52 alẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni sà.

BàbáSípánà (9:10 alẹ́)

Lívà ni. V-brake nìyẹn, Shimano ló gbé e jáde ní 1996. Apá rẹ̀ gùn, ó nílò kí lívà fa wáyà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lívà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kì í fa wáyà tó bẹ́ẹ̀. Wo inú lívà rẹ: wo ibi tí orí wáyà jókòó sí àti ìdè tí lívà fi ń yí. Lára ti V-brake, ibi méjèèjì jìnnà síra wọn. Lára ti àtijọ́, wọ́n sún mọ́ra. Gbé é sí ẹ̀gbẹ́ lívà ẹ̀yìn rẹ tó bá a wá látilẹ̀, wàá rí i.

ỌmọMáàpó (9:17 alẹ́)

Yéè! Mo rí i, Bàbá. Ti ẹ̀yìn jìnnà ju ti iwájú lọ dáadáa.

ỌmọMáàpó (Ọjọ́ Àìkú, 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Mo rí lívà tó bá a mu. Mo wá ṣe ohun tí Tísà sọ. Mo fi ẹfun fa ìlà sójú títì tó tẹ́jú ládùúgbò wa, mo yá téèpù ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ, onínṣì 60, mo ń gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan-lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọdé ń bá mi kà á. Fóònù ni mo fi wo eré, bíi 20. Ẹ̀yìn nìkan: mítà 7, ó tún yọ̀. Méjèèjì: ó dín díẹ̀ ní 4. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N ò fò kọjá hándù.

Mo gba Bẹẹrẹ kọjá lánàá, mo dúró níwájú ìyá aláta láìfi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Kò rántí mi. Mo ra ti ₦500.

Ọ̀kan ló kù, Bàbá. Wáyà ẹ̀yìn ti ń já lórí níbi tó wọ lívà, òwú méjì nínú rẹ̀ ti dá. Mo ní wáyà ọ̀kadà kan nílé, àti ìbòrí wáyà jíà. Ṣé wọ́n lè ṣe é?

BàbáSípánà (5:44 ìrọ̀lẹ́)

Rárá. Orí wáyà ọ̀kadà tóbi jù, bí o bá fi fáìlì ha á kó lè wọlé, á yọ lọ́jọ́ tí o bá nílò rẹ̀ jù. Ìbòrí wáyà jíà kò sì lè gba agbára bíréèkì, ó lè là. Má gùn ún lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́la. Wọ ọkọ̀ wá sí Mọ́kọ́lá láàárọ̀, kí o mú wáyà yẹn dání.